Ìbẹ̀wò sí Àgbàlá Ère Òkúta ní Ẹ̀sìẹ́

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ọjọ́ ìsinmi wọn lọ wo ahoro ilé olódi tí àwọn ọba àtijọ́ kọ́, àti ilé àwọn ìjòyè tí a tún ṣe kí ó lè rí bí ó ti rí ní ìgbà láéláé. Wọn a san owó lẹ́nu ọ̀nà, wọn a gun àtẹ̀gùn tí ó ti ya, wọn a fi ọwọ́ kan ògiri, wọn a sì máa bi ara wọn pé, “Ta ni ó gbé ìhín yìí rí?” Bí àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbómìnà bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè rò pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́ nítòsí òun, nítorí pé amọ̀ ni àwọn baba ńlá fi mọ ààfin wọn, òjò a sì máa fọ amọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tí ì dé Ẹ̀sìẹ́. Níbẹ̀, ògiri kò sí mọ́, òrùlé kò sí mọ́, a kò tilẹ̀ mọ ibi tí ààfin náà wà. Síbẹ̀ àwọn ará ààfin ṣì jókòó lórí àpótí wọn, ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àti àdá lọ́wọ́. Òkúta ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin bọ̀ yóò gba Ìdófìàn kọjá, yóò dé Àjàṣẹ́-Ìpo, yóò sì gba ọ̀nà Òró wọ Ẹ̀sìẹ́. Ti ẹni tí ó bá ti Òmù-Àrán bọ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, Irẹ́pọ̀dùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni ìlú méjèèjì wà, Òmù-Àrán sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ náà jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé: igi ẹ̀mí àti igi irúgbá dúró káàkiri láàárín oko iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kí ẹni tí ó bá ń lọ dé fìlà tàbí kí ó mú agboòrùn, kí ó gbé omi tí a sè tí a sì ti jẹ́ kí ó tutù dání, kí ó sì wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò. Kí ó tètè lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn kò tí ì mú, kí ó lè fi sùúrù wo ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá.

OHUN TÍ OJÚ Ń RÍ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé wọ́n pọ̀. Kì í ṣe ère kan tàbí méjì bí èyí tí a ń rí ní ojúbọ. Iye wọn, pẹ̀lú àwọn tí ó ti fọ́, lé ní ẹgbẹ̀rún kan. A kò mọ ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ère òkúta tí a gbẹ́ ní àwòrán ènìyàn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ojú kan. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ. Èyí tí ó tóbi jù lé díẹ̀ ní mítà kan, òun ni àwọn ará ìlú ń pè ní Ọba Ère. Bí ènìyàn bá dúró níwájú wọn, yóò dà bí ẹni pé ó ṣèèṣì wọ inú ìpàdé tí a ti ń ṣe kí ó tó dé.

Ohun kejì ni pé wọn kò jọ ara wọn. Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ọkọ́ ogún, gbogbo rẹ̀ yóò bá ara mu; ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbẹ́ ère wọ̀nyí wo ènìyàn kọ̀ọ̀kan lójú. Ọ̀kan ní imú gbọọrọ, òmíràn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíkún. Ọ̀kan wo iwájú bí onídàjọ́, òmíràn tẹ orí ba bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí roboto, àwọn mìíràn kúnlẹ̀. Àwọn kan mú àdá dání, wọ́n gbé e lé èjìká. Àwọn kan mú ọrun àti ọfà. Àwọn kan sì wà tí ohun èlò orin wà lọ́wọ́ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àti ní ọwọ́. Ilà wà ní ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí a fín wẹ́wẹ́.

Ohun kẹta ni irun. Obìnrin tí ó bá ti di irun fún ọmọ rẹ̀ rí yóò dúró pẹ́ ní ibí yìí ju ọkọ rẹ̀ lọ. A di irun àwọn ère náà sókè bí ṣóńṣó òkè, a pín in ní ìlà, a sì ká a ní ọ̀nà oríṣiríṣi, tí ó fi hàn pé ẹni tí ó gbẹ́ wọn mọ iṣẹ́ onídìrí dáradára. Ó yẹ kí a kíyè sí i pẹ̀lú pé àwọn obìnrin kò jókòó sí ẹ̀yìn. Wọ́n ní àpótí tiwọn bí ti àwọn ọkùnrin, àwọn mìíràn nínú wọn sì di àdá mú. Ìlú tí ó gbé obìnrin ka orí àpótí oyè, tí ó sì fi àdá lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ìlú tí obìnrin kò ti ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun kẹrin ni ó ń mú inú ènìyàn bàjẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó ti fọ́. Orí wà níhìn-ín, ara wà lọ́hùn-ún. Apá ti já, àpótí ti là sí méjì. Bóyá ọ̀tá ni ó fọ́ wọn ní ọjọ́ ogun, bóyá igi ni ó wó lù wọ́n, bóyá iná ìgbẹ́ ni ó mú wọn gbóná tí òjò sì rọ̀ sí wọn lára lójijì, tàbí gbogbo rẹ̀ papọ̀, ohun tí ó dá wa lójú ni pé ahoro ni a ń wò.

IRÚ ÒKÚTA TÍ Ó JẸ́

Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ pa òkúta náà yóò rí i pé ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, èyí ni àwọn òyìnbó fi fi ọṣẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ohun rírọ̀ kan náà tí a ń lọ̀ láti fi ṣe páúdà tí àwọn ìyá fi ń pa ọmọ lára. Kì í ṣe bí òkúta líle tí a ń fọ́ sí ojú ọ̀nà. Ọ̀bẹ mímú lè gé e, irin lè fá a, iná kì í sì í tètè bà á jẹ́ bí kò bá jẹ́ òjijì. Ìdí nìyí tí agbẹ́gilére fi lè fín irun àti ilà wẹ́wẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọrùn láti gbẹ́ rọrùn láti bàjẹ́. Ọmọdé tí ó bá fi ìṣó ha á yóò fi àpá sílẹ̀, àpá náà kò sì ní parẹ́. Nítorí náà ni a ṣe máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó fi ojú wò, kí ó má ṣe fi ọwọ́ kàn án.

ÌTÀN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ Ń SỌ

Àwọn àgbà Ẹ̀sìẹ́ sọ pé ìhà Ọ̀yọ́ ni àwọn baba wọn ti wá tẹ ìlú náà dó, àti pé nígbà tí wọ́n dé, àwọn ère náà ti wà nínú igbó. Wọ́n dárúkọ ọdẹ kan, Bàràgbọ́n, pé òun ni ó kọ́kọ́ rí wọn nígbà tí ó ń dẹ ìgbẹ́, àwọn òpìtàn sì máa ń fi àkókò náà sí nǹkan bí ọdún 1775. Ẹ jẹ́ kí a ro bí yóò ti rí fún ọkùnrin kan ṣoṣo nínú igbó, tí ó ń tọ ipasẹ̀ ẹran, tí ó sì gbé orí sókè, tí ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú tí ń wò ó tí ẹnikẹ́ni kò fọhùn.

Ìtàn mìíràn wà tí ó sọ bí wọ́n ti di òkúta. A ní ènìyàn ni wọ́n rí, àlejò tí ó wá pẹ̀lú ọba wọn àti àwọn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn onílù rẹ̀. Aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀, a fi wọ́n gégùn-ún, wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Àwọn tí ó ń ka Bíbélì yóò rántí aya Lọ́ọ̀tì. Kò yẹ kí a fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ wo àwọn ère náà dáradára: ó rí i pé wọ́n jókòó bí àwọn tí ń retí ẹnìkan, ó rí i pé olórí wà láàárín wọn, ó sì rí i pé aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ wọn kì í ṣe ti àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ìgbà tirẹ̀. Ó wá fi ìtàn dáhùn ìbéèrè tí kò sí ìwé kankan tí ó dáhùn.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń ṣe ìtọ́jú ibẹ̀. Wọ́n ní àwòrò tí ń bójú tó o, wọ́n sì ń ṣe Ọdún Ère lọ́dọọdún ní nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ tí àgbẹ̀ sì ń múra àtigbin àgbàdo. Ohun yòówù tí onígbàgbọ́ bá rò nípa ẹbọ, kò lè sẹ́ pé bí kì í bá ṣe ti ìtọ́jú àwọn ará ìlú yìí, tí wọn kì í ṣe àwọn tí ó gbẹ́ ère náà, ìgbẹ́ ìbá ti bo wọ́n pátápátá.

BÍ AYÉ TI GBỌ́ NÍPA WỌN

Ní ọdún 1933, ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, ẹni tí ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. wò, dé Ẹ̀sìẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó bá lọ, ṣùgbọ́n a mú un lọ rí àwọn ère náà, ó sì fi ohun tí ó rí tó ìjọba létí. Ó yẹ kí a ronú lórí èyí. Ọkùnrin náà jẹ́ òṣìṣẹ́ Ìhìn Rere, kò sì wólẹ̀ fún òkúta. Síbẹ̀ kò gbé òòlù, kò sì sọ pé kí a sun ibẹ̀. Ó kọ ìwé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní agbègbè Ìlọrin, kọ àpilẹ̀kọ nípa wọn ní ọdún 1938. Òun ni ẹni kan náà tí ó kọ ìwé nípa ilé-ẹ̀kọ́ Òmù, tí a tẹ̀ ní ọdún 1937. K. C. Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú ṣe làálàá púpọ̀ láti rí i pé ìjọba dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ yìí sí. Ní ọdún 1945 a ṣí ilé kan fún àwọn ère náà ní Ẹ̀sìẹ́. Ilé náà ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ti Jos kò ṣí títí di ọdún 1952, ti Èkó kò sì ṣí títí di ọdún 1957. Kì í ṣe ní ìlú ńlá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà.

Láti ọdún 1965 ni Phillips Stevens, ọmọ Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti olùtọ́jú ìwé ìjọ: ó ka àwọn ère náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó ya àwòrán wọn, ó sì kọ bí ìkọ̀ọ̀kan ti rí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1978. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni iṣẹ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n a ó rí i láìpẹ́ pé òun ni odi tí ó dára jù tí a mọ yí àwọn ère náà ká.

Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè pé, “Ó ti tó ọdún mélòó?” A kò lè bi òkúta pé nígbà wo ni a gbẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n a rí amọ̀ sísun láàárín wọn, amọ̀ sísun a sì máa jẹ́rìí. Nígbà tí amọ̀ bá wọ inú iná, gbogbo agbára tí ó ti kó pamọ́ yóò jáde kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó ti wà nínú ilẹ̀, agbára tí ń ti inú erùpẹ̀ àti òkúta jáde yóò tún máa wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, bí omi tí ń kán sínú ìkòkò. Bí ọ̀mọ̀wé bá mú eérún rẹ̀ gbóná, yóò tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ti pọ̀ sí ni ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ sí. Àyẹ̀wò irú èyí tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ọjọ́ orí amọ̀ ni èyí, kì í ṣe ti òkúta gan-an, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò náà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

A MỌ IRUN WỌN, A KÒ MỌ ORÚKỌ WỌN

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa tí ó mọ ìwé kà. A mọ bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń di irun. A mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀, irú àpótí tí wọ́n ń jókòó lé, àti bí wọ́n ti ń di àdá mú. Ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. A kò mọ orúkọ ọba náà. A kò mọ ìlú tí wọ́n ti wá, a kò mọ èdè tí wọ́n sọ, a kò mọ ẹni tí ó fi irin gbẹ́ ojú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wo Ifẹ̀, àwọn kan wo Ọ̀yọ́, àwọn kan wo ilẹ̀ Nupe. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Gbogbo ẹgbẹ̀rún ènìyàn òkúta, kò sí ẹyọ lẹ́tà kan láàárín wọn.

Ibi tí kò bá sí ìwé, àjèjì ni yóò bá ọ pìtàn. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí ẹwà àwọn orí tí a mọ níbẹ̀, ó ní ọwọ́ àwọn ará ìlú kan tí òkun gbé mì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wá. Bákan náà ni ó rí ní gúúsù Áfríkà. Níbẹ̀ ni ahoro ilé olódi ńlá kan wà tí a ń pè ní Zimbabwe. Òkúta ni a fi mọ odi rẹ̀ láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Odi tí ó yí àgbàlá ńlá rẹ̀ ká ga tó mítà mọ́kànlá ní ibi tí ó ga jù, yíyí rẹ̀ ká sì tó nǹkan bí 250 mítà. Láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1450 ni ó gbilẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní àwọn àjèjì láti ìlà-oòrùn ni ó kọ́ ọ. Ní ọdún 1929 ni obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Gertrude Caton-Thompson, wú ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì fi hàn gbangba pé àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà ni ó mọ odi wọn fúnra wọn.

Ohun kan so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Ẹ̀sìẹ́. Irú òkúta tí ń yọ̀ bí ọṣẹ náà ni a fi gbẹ́ àwọn ẹyẹ mẹ́jọ tí ó dúró lórí òpó ní Zimbabwe. Láti ọdún 1889 ni àwọn àjèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn lọ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọdún 1980, ó mú orúkọ ahoro náà ṣe orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi ẹyẹ náà sí ara àsíá rẹ̀. Ní ọdún 1981, South Africa dá ẹyẹ mẹ́rin padà. Ohun tí Zimbabwe fi ṣe pàṣípààrọ̀ ni àkójọ kòkòrò gbígbẹ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀: oyin, agbọ́n àti èèrà. Ní ọdún 2003, Jámánì dá ìdajì ẹyẹ kan tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, a sì so ó mọ́ ìdajì rẹ̀ tí ó kù nílé. Wọ́n lè béèrè nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó sọnù, wọ́n sì mọ ibi tí ó wà.

OLÈ ÀTI ẸLẸ́RÌÍ

Ẹ̀sìẹ́ pẹ̀lú ti mọ olè. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ní ìgbà tí a ń ja ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù Nàìjíríà lólè, a jí àwọn orí ère gbé níbẹ̀. Orí ni olè ń fẹ́, nítorí pé ó kéré, ó ṣeé fi pamọ́ sínú àpò, àwọn olówó òkèèrè sì ń rà á láti fi ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Òfin ọdún 1979 tí ó dá Àjọ Mùsíọ́mù àti Ohun Ìrántí ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kó irú ohun bẹ́ẹ̀ kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Bí a bá mú olè pẹ̀lú orí òkúta ní ìlú òkèèrè, yóò ní òun jogún rẹ̀ ni. Àwòrán àti àkọsílẹ̀ nìkan ni ó lè dá a lóhùn pé, “Ti Ẹ̀sìẹ́ ni èyí, wo ilà ojú rẹ̀, wo ibi tí etí rẹ̀ ti kán.” Ère tí a kò kọ sílẹ̀ dà bí ẹran tí kò ní àmì: ẹnikẹ́ni tí ó bá dì í mú ni yóò pè é ní tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ ONÍGBÀGBỌ́

Àwọn kan nínú ìjọ máa ń béèrè pé, “Ère kọ́ ni? Kí ni onígbàgbọ́ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?” Ìbéèrè rere ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí onígbàgbọ́ kúnlẹ̀ níwájú òkúta tàbí kí ó fi obì fún un. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe sínsìn. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì rìn káàkiri ìlú Áténì, ó wo àwọn ohun ìsìn wọn dáradára, ó sì ti inú ohun tí ó rí bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. A kò kà á níbikíbi pé ó fọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó fọ́ ère tí òun kò gbẹ́ kò mú ọkàn ẹnikẹ́ni wá sọ́dọ̀ Olúwa. Ó kàn pa ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí Ọlọ́run fi fún àwọn baba rẹ̀ rẹ́ ni. Ẹni tí ó sì tà á burú jù, nítorí pé ó fi ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹun ọjọ́ kan.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

Èkíní: Bí ọkọ́ tàbí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ bá kan òkúta gbígbẹ́ tàbí orí amọ̀ nínú oko, kí àgbẹ̀ dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Kí ó má ṣe fà á yọ, kí ó má sì fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Erùpẹ̀ tí ó yí i ká jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Kí ó ri igi mọ́lẹ̀ fi ṣe àmì, kí ó sì sọ fún baálẹ̀ àti fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù láìjáfara, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.

Èkejì: Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí a tó sun ìgbẹ́ nítòsí ibi àtijọ́ kankan, kí a ro eteetí rẹ̀ mọ́ ní ìbú tó láti dá iná dúró, kí a má sì ṣe tanná nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gidigidi.

Ẹ̀kẹta: Kí a má ṣe gba àjèjì tí ó wá béèrè “ère àtijọ́” ní ìkọ̀kọ̀ láyè. Owó tí ó bá nà síni yóò tán kí iṣu tuntun tó jáde.

Ẹ̀kẹrin ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Àwọn tí ó gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ kò ní ìwé. Àwọn tí ń ka àlmánáàkì yìí ní. Kí olúkúlùkù olórí ilé ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ní alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dín, kí ó jókòó ti bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó wà nínú agbo ilé, kí ó sì béèrè: Ta ni ó tẹ agbo ilé yìí dó? Níbo ni ó ti wá? Ta ni ó gbẹ́ òpó tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ta ni ó máa ń mọ ìkòkò, ta ni ó kọ́ ọ? Kí ni oríkì ilé? Kí ó kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó fi ọjọ́ àti ọdún sí i, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Kí ó dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fi ọ̀kan sí inú àpótí nílé níbi tí ikán kò lè dé, kí ó sì fi èkejì sí àárín ìwé ìjọ.

Nígbà tí àlejò bá ń kúrò ní Ẹ̀sìẹ́, àwọn ará ààfin náà yóò ṣì jókòó sí ipò wọn, Ọba Ère láàárín wọn, wọn kò ní fèsì bí a bá dágbére fún wọn. Àwọn àgbà tí ó wà nílé ṣì lè fèsì. Kí a bi wọ́n nísinsin yìí.